Yàrá Alámọ̀ Tí A Wá fún Àbúrò Mi

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí fọ́kọ, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka èyí fojú fo àṣìṣe mi. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, títí kan kápíńtà, títí kan nọ́ọ̀sì tó gún abẹ́rẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹnìkankan. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo pọ̀n, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń rẹ òwú fún àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Kẹ́míkà ni wọ́n ń dà sínú omi gbígbóná kí àwọ̀ lè mú òwú, èéfín rẹ̀ a sì máa gún un nímú. Kò kà á sí. Nígbà tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, àyà rẹ̀ ò gba òórùn kankan mọ́. Ọ̀dà ni o, lọ́fínńdà ni o, gọ́ọ̀mù ni o, bó bá ti kan imú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ a fún pọ̀, ètè rẹ̀ a dúdú. Àwọn kan ní àṣejù ni.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá kọ́ ilé tuntun. Ilé tó rẹwà ni: àjà oníke funfun, táìsì tó ń dán, ọ̀dà títí dé ara géètì. Àbúrò mi wọ yàrá tí wọ́n ṣe fún un lówùúrọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti jáde, kò sì padà wọlé. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé ló ń gbé láti ìgbà náà. Òjò sì ń bọ̀. Bí òjò bá bá a níta, ikọ́ náà á gbé e lọ. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ la jọ wá ilé. Ó ní bó ṣe máa ń yẹ ilé wò. Á wọ́n omi sára ògiri, á gbóòórùn ibẹ̀. Á wá jókòó sínú yàrá, á ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, á dúró di ìgbà tí oòrùn bá mú páànù dáadáa. Ó ní ìgbà tí ilé bá gbóná ló ń sọ ohun tó jẹ. Ní Ìpàpó, onílé kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ gba ilé yìí ni àbí ẹ fẹ́ sè é jẹ?"

Àbúrò mi dá a lóhùn láti inú yàrá, "Bí mo bá sè é, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bù fún. Kí lo kó síbí rí?"

Ọkùnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀wà ló kó síbẹ̀ rí, òun àti oògùn kòkòrò. A jáde.

Ìgbà yẹn ni mo rántí yàrá bàbá wa ní Àgọ́-Àrẹ. Amọ̀ ni ògiri, ilẹ̀ lílù ni ilẹ̀ rẹ̀, páànù àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀ láìsí àjà. Àbúrò mi jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ń yọjú wò ó. Oorun gbé e lọ lórí àpótí. Nígbà tó jí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mí o! Mo mí bí ọmọdé." Ló bá bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Ó padà sí Ìsẹ́yìn lọ di ẹrù rẹ̀.

Ìgbà tó lọ tán ni mo rí ikán. Wọ́n ti gun ògiri dé ara igi òrùlé. Mo pe kápíńtà, ó ní òun á pààrọ̀ igi méjì, kí n sì fọ́n oògùn sídìí ògiri.

Mo ní, "Ṣé kò ní rùn?"

"Ìyá, abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ. Ẹ ó rọ iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ta ni ó mọ̀?"

Kò sì ṣe mí bí ẹni pé nǹkan burúkú ni. Kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí wọn ò fọ́n oògùn ikán sí nídìí. Ọ̀dà ni mo ń ṣọ́ bí ẹni ṣọ́ olè. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fọ́n ìyẹ̀fun náà yípo ìdí ògiri. Mo rọ iyẹ̀pẹ̀ lé e, mo lu ilẹ̀, mo wọ́n omi èèpo irúgbá sí i kó lè le. Ilẹ̀ náà ń dán. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ pàdé àbúrò mi ní gáréèjì, mo dì mọ́ ọn, mo tún sunkún. A délé lọ́sàn-án gangan. Mo ní kó jókòó sí yàrá rẹ̀ kí n lọ bu omi wá. Níbi tí mo ti ń bu omi, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀. Ọ̀fun àbúrò mi ni.

Mi ò mọ bí a ṣe dé ọsibítù ní Ṣakí. Dókítà ń bi mí, "Ìyá, kí ni wọ́n fà símú?"

Mo ní, "Kò sí nǹkankan, ilé alámọ̀ ni." Ó tún bi mí. Mo tún ní ilé alámọ̀ ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́wọ́ bo ẹnu láti sunkún, òórùn àtẹ́lẹwọ́ mi gún mi nímú. Mo rí i pé dókítà ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi tó lè sọ̀rọ̀.

"Ta ló fọ́n nǹkan síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀ díẹ̀ lára ìró yín ní gáréèjì, atẹ́gùn gbé e lọ. Mo ṣebí oko lẹ ti ń bọ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀ ń sunkún ayọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí n wá ní ẹ̀ ń rùn?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́ kó rí i rín.

Ó padà sábẹ́ àtíbàbà ilé ọmọ rẹ̀. Èmi ní tèmi gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà dé orúnkún, mo kó gbogbo ẹ̀ dànù, mo ní kí wọ́n ru amọ̀ tuntun wá láti ẹ̀bá odò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kí amọ̀ náà tó gbẹ, wọ́n pè mí láti Ìsẹ́yìn pé ikọ́ ti gbé e lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Ó wọ yàrá náà, ó jókòó pẹ́.

"Ibí dára o, Ìyá àgbà. Ẹ ṣeun. Ẹ gbìyànjú fún wọn."

Mo ní kó dúró. Mo sọ ọ́ fún un, látorí ikán títí dé orí ọwọ́ mi.

Ó wá ní, "Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Wọn ò sọ fún mi."

Wọ́n ń pe ìrun alásárì. Ó dìde, ó béèrè kẹ́tù lọ́wọ́ mi, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá.