Kámẹ́rà Ò Gbà Á

Mo wà níbẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lóde òní ẹni tó wà níbẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan mọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń ṣọ́ gólì fún àdúgbò wa ní Ṣàgámù. Táyà ló ń lẹ̀ fáwọn ọlọ́kọ̀ létí títì márosẹ̀ ní Ògèrè, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "ìwọ yìí" láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní pápá, àgbà àtọmọdé á máa pariwo "Gólì wa!" Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kó gbórí sókè láyé yìí nìyẹn.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan gba ìdíje wa ṣe. Wọ́n fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní jẹ́sì tí orúkọ ọtí gba gbogbo àyà rẹ̀. Ibi táwọn àgbà máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ta kánópì sí. Wọ́n kó àwọn ọmọge oníjó àti oníkámẹ́rà wá láti Èkó. Lọ́jọ́ àṣekágbá, àwa àtàwọn ọmọ Òde Rẹ́mọ ta ọ̀mì, ó di pẹnáritì. Èyí tó kẹ́yìn, àbúrò mi fò, ó gbá a mọ́ àyà. A borí! Mo ké títí ohùn mi fi há.

Àbúrò mi gbà á o. Kámẹ́rà ni ò gbà á. Ìdí àwọn oníjó ló ń wò.

Ni oníkámẹ́rà ará Èkó náà bá sáré wọ pápá. "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbá a tún un gbá, ká lè rí i gbà sílẹ̀. Fún fídíò lásán ni." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó padà sójú gólì. Ọmọ Òde Rẹ́mọ tún un gbá, kò sì fi ṣeré rárá. Ó wọlé.

Èyí tó wọlé yẹn ni wọ́n gbé jáde sórí ayélujára, pẹ̀lú orin àti ariwo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé Ìkẹ́nnẹ́, ó ti dé Ìlárá. Àwọn awakọ̀ ní Ògèrè sọ àbúrò mi ní Apẹ̀rẹ̀, torí apẹ̀rẹ̀ kì í gba omi dúró.

Mo jà, mo ṣàlàyé fáwọn oníbàárà mi nídìí obì tí mò ń tà títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé fídíò ló ń purọ́ ni? A jẹ́ pé ojúsàájú ni wọ́n fi gbé ife fún yín." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn ò ní fóònù. Àwọn tá a jọ dúró létí pápá, tá a jọ pariwo, àwọn náà ti ń sọ báyìí pé bọ́ọ̀lù yẹn wọlé. Ó sú mi. Mi ò rí ẹni tí màá tún bá jiyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá àbúrò mi nílé, ó tẹjú mọ́ fídíò yẹn. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ṣebí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé o gbà á?"

Ó gba fóònù padà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ó ní. "Mo ti wò ó títí. Ó wọlé."