Ọkọ̀ Ọrẹ Kọjá Níwájú Ilé Ìye

Ní àdúgbò wa lórí omi, kò jìnnà sí Zion Pẹpẹ, ẹnu ọ̀nà ilé kálukú la ti ń gba ọrẹ ìparí ọdún. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ọkọ̀ ọrẹ á máa lọ láti ilé dé ilé. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi àjẹ̀ gbá òpó ilé, á kí onílé, á sì dúró. Onílé á jáde sórí pákó iwájú ilé, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tó bá ní sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀: ẹja gbígbẹ, edé, pupuru tí a fi gbágùúdá ṣe, tàbí ẹní tó fọwọ́ hun. Ẹni tí kò ní nǹkan kan á mú igi ìdáná wá, á sì gba àdúrà tirẹ̀ bíi ti olówó. Ilé kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà kì í yà, ìyẹn ilé tí kò sí alààyè nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Oògùn ni mo ń tà ní Ìgbọ́kọ̀dá, ṣùgbọ́n gbogbo ìparí ọdún ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí mo máa ń lọ sílé láti bá wọn ṣiṣẹ́ ọrẹ. Inú mi tètè máa ń ru. Ìyá mi a máa sọ pé ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ọrẹ ayé ìsinsìnyí sì ń fún ata yẹn níṣẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, a sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí fídíò. Ọ̀kan nínú wọn ní ká sọ fún àwọn ìyá àgbà kí wọ́n túbọ̀ rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń gba ìrẹsì. Mo dá a lóhùn pé kó wá rẹ́rìn-ín fún wa ná, ẹ̀fọn á bá a gbè é. Àwọn tó wù mí jù ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, tí wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn láti tún afárá pákó ṣe. Ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan tọrẹ ti fi ohun tí kò lè rí gbà padà tọrẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ la fẹ́ rà, fún ọkọ̀ tí yóò máa sáré gbé aláboyún lọ sí ọsibítù ní Ìgbọ́kọ̀dá. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Inú ọkọ̀ alájẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú sí lójú ọ̀nà yẹn, tòun ti ọmọ inú rẹ̀. Ìyá wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìye, ló jókòó tì í. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà l'Ákùúrẹ́ nígbà náà, Ìye ò sì sọ bí ìrìn àjò ọjọ́ yẹn ṣe rí fún ẹnikẹ́ni rí.

Látìgbà tí wọ́n ti kéde ẹ́ńjìnnì náà ni Ìye ti ń tọ́jú ọrẹ tirẹ̀. Òkun ti gbé àtíbàbà tó ti ń yan ẹja lọ, ìka rẹ̀ kò sì gbọ́ ti ẹní híhun mọ́. Omi òjò ló kù tó lè fi tọrẹ. Omi yí wa ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni, nígbà ọyẹ́ sì rèé, ẹni tó bá ní omi òjò nílé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìye gbe omi náà nígbà òjò, ó fi aṣọ funfun bo ojú àgbá, ó sì ń fún ara rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀ kó má bàa dín.

Alága iṣẹ́ ọrẹ wa jẹ́ olùkọ́ kan láti Èkìtì. Wọ́n gbé e wá síbí, ó sì bá wa dúró nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló sọ nípàdé kan tí n kò sí níbẹ̀ pé kò bójú mu kí á máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ fún ní ìrẹsì, pé kí ọkọ̀ ọrẹ má ṣe da àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn láàmú. Àánú ló ṣe é. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó mọ àṣà wà níbẹ̀, wọ́n sì panu mọ́. Ọ̀kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni.

Inú ọkọ̀ tó ń pín ìrẹsì ni wọ́n fi èmi sí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìye lọ́sàn-án, ó ti ró aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wé gèlè, ó jókòó sórí pákó iwájú ilé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi òjò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i, ó kàn mi orí. Mo rò pé ara rẹ̀ ò yá, mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ mi kúrò. Ó bi mí pé ta ló ni ìrẹsì. Mo ní òun ni.

Ó ní, “Wọ́n ti kọjá láti àárọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n gbá òpó ilé tó ṣáájú, mo sì dìde. Wọ́n juwọ́ sí mi, wọ́n lọ gbá òpó ilé tó tẹ̀ lé e. Ọma mi, ṣé mo ti kú ni, tí ẹ ò sọ fún mi?”

Mo rẹ́rìn-ín, torí aláwàdà ni Ìye. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ó fọwọ́ lé orí kẹ́ẹ̀gì náà.

“Omi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń bèèrè lọ́jọ́ náà. Omi ṣáá. Omi iyọ̀ nìkan ló sì yí wa ká.”

Mo jókòó tì í, mo sunkún, òun ló sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú.

Lẹ́yìn náà ni ata mi gbóná. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, níbi tí olùkọ́ ti ń ṣa ẹja gbígbẹ tí a máa tà lọ́jà, mo sì da gbogbo ọ̀rọ̀ náà lé e lórí. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ní ìyá òun náà kì í jẹ́ kí òun kúrò nílé láìdi iṣu fún òun, bẹ́ẹ̀ òun lòun ń fowó iṣu ọ̀hún ránṣẹ́. Ó mú àjẹ̀, ó ní òun fúnra òun ló máa lọ.

Kò mọ ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ ń dà á sọ́tùn-ún sósì, àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ tèmi, n kò sì ràn án lọ́wọ́ rárá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìye, ó fi àjẹ̀ gbá òpó.

“Ẹ kú ilé o, Ìye. Ọkọ̀ ọrẹ ti dé. Kí lẹ ní fún wa?”

Ìye fara balẹ̀ bí ẹni tí kò retí àlejò. Ó bèèrè pé ta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó wúwo, mo sì na ọwọ́, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ká ọwọ́ mi kò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Olùkọ́ kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìye ní kí wọ́n má tà á, pé inú ọkọ̀ aláboyún ni kó máa wà. Ó wá gba ìrẹsì tirẹ̀, ó ní òkúta ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

A ra ẹ́ńjìnnì náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì Ìye wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, wọ́n fi okùn dè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà gbé obìnrin kan wá láti apá Awoye, ó sì bímọ láyọ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá. Mo sáré gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sílé lọ ròyìn fún Ìye: pé obìnrin ni ọmọ náà, pé igbe rẹ̀ kọjá ti ẹ́ńjìnnì. Ó dá mi dúró.

“Ṣé ó bèèrè omi?”

Mo ní ó bèèrè.

“Ṣé ó mu?”

Mo ní ó mu, pé òun àti àwọn tó gbé e wá ló mu ú tán. Ìye gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n yà fún òun, òjò ti ń ṣú. Ó lọ gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó sì dúró tì í.