Ràkúnmí Gun Òkè

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin onítakisí kan fi ń jẹun. Kì í tẹ iná mọ́ mọ́tò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń bà lé tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré bí ọwọ́ ìyá ṣe ń bà lé orí ọmọ tuntun ni, tó bá sì rí ìdàgẹ̀rẹ̀ níwájú, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ̀sọ̀ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Mọ́tò rẹ̀, ọkọ̀ dísù àtijọ́ kan tó gùn gbọọrọ, Ràkúnmí ni òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, nítorí tó bá ti mu epo lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Níbi tó ti ń gbé èrò lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, awakọ̀ kan wà tí mọ́tò tirẹ̀ ń jẹ bẹntiróòlù bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ koríko. Òǹgbẹ ni Ẹ̀sọ̀ ń pe ìyẹn. Wọn ò lè ríra kí wọ́n má bú ara wọn. Òǹgbẹ á ní èrò tó bá wọ Ràkúnmí lọ síbi ìsìnkú, àjíǹde ni yóò bá. Ẹ̀sọ̀ á ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ nílé epo, níbi tó kúkú ń gbé.

Ìjọba wá pàṣẹ. Ọkọ̀ dísù tó bá ti dàgbà ò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú mọ́, àfi èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọn èéfín rẹ̀ tó sì yege, tí wọ́n lẹ àmì àwọ̀ ewé mọ́ díńgí iwájú rẹ̀. Àárín ìlú sì ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà. Bí Ràkúnmí ò bá yege, iṣẹ́ tí Ẹ̀sọ̀ fi tọ́mọ tí ọmọ fi dàgbà parí nìyẹn. Ohun tó wá ń dùn ún jù ni pé ìjọba kan náà yìí ló ń polówó dísù nígbà tó fẹ́ ra mọ́tò, tí wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́n kó rà á, torí kì í jẹ epo.

Nílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìjọba kọ́ ló bá mi yan ìyàwó, kò lè bá mi yan mọ́tò."

Aránṣọ ni ìyàwó náà, orogún òun ló sì ń pe Ràkúnmí láti ọjọ́ tó ti wọlé. Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Ẹ ṣọpẹ́, Bàbá wọn. Ká ní ìjọba ló bá yín yàn mí ni, wọn ì bá ti kọ́kọ́ wọn èéfín yín."

Ó wá fi aṣọ funfun kan tó fi kọ́ ojú fèrèsé hàn án, bí etí rẹ̀ tó kọjú sí títì ṣe dúdú. Ó ní òun ò sọ pé orogún òun nìkan ló ṣe é, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ níbẹ̀.

Ẹni tó mọ Ọlọ́run ni Ẹ̀sọ̀. Ó gbààwẹ̀. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba yí ọkàn padà. Nígbà tí ọkàn ìjọba ò yí, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa fọ́ ojú ẹ̀rọ náà. Ojú ti òun náà bó ṣe gba àdúrà yẹn, ṣùgbọ́n ó gbà á. Lórí eékún rẹ̀ ni èrò kan ti wọlé: Ọlọ́run tó ń gbọ́ igbe aláìsàn àti ọmọ òrukàn, ṣé ó tún ráyè gbọ́ ti sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde lábẹ́ mọ́tò? Ó lé èrò náà bí ẹni lé eṣinṣin. Ó fò, ó tún padà wá bà.

Nígbà tí ọjọ́ tí ìjọba dá pé, Ẹ̀sọ̀ bu omi, ó mú kànrìnkàn àti ọṣẹ, ó fọ ẹnu sàlẹ́ńsà títí tó fi ń dán, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹnu ọmọ iléèwé wò. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní irú ìwẹ̀ yìí ò ṣe é máa wò láti òkèèrè, òun ń bá wọn lọ. Lọ́nà, Ẹ̀sọ̀ rọra wakọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó má baà jí èéfín.

Ọmọbìnrin kan ló ń wọn èéfín nínú ọgbà àyẹ̀wò ìjọba. Ó ki rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní kí Ẹ̀sọ̀ tẹ tọ́tù kanlẹ̀. Ẹ̀sọ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Ọmọbìnrin náà ní kanlẹ̀ lòun wí. Ó di ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Ràkúnmí wúkọ́, ó hó, ó sì tu èéfín dúdú kìjikìji tòun ti ìfófòó ọṣẹ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fò lọ sórí àmì pupa.

Ẹ̀sọ̀ sọ̀kalẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láìfi "Bàbá" ṣáájú. Ó ní, mo gbààwẹ̀ o.

Ọmọbìnrin náà ò lé e. Ó bi í báwo ló ṣe máa ń wakọ̀. Bí ìbànújẹ́ rẹ̀ ti tó, Ẹ̀sọ̀ ṣì fi ìyangàn ròyìn ara rẹ̀: ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, táǹkì tí kì í gbẹ.

"Ẹ̀sọ̀ yẹn gan-an ló pa yín lára, bàbá," ọmọbìnrin náà sọ. "Ẹ́ńjìnnì yín le. Ṣùgbọ́n kì í gbóná tó láti jó èédú ara rẹ̀, ó wá lẹ̀ mọ́ inú páìpù bíi ti ìdí ìkòkò. Ọ̀nà òkè ló wà lẹ́yìn ibí yìí. Ẹ gbé e gùn ún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dé kí n tó ti géètì, òfin gbà mí láyè kí n tún un wọ̀n."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Wọ́n sáré wọnú mọ́tò.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, Ẹ̀sọ̀ ki jíà kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀, kò lọ. Ọgbọ́n gbogbo ayé rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi tẹlẹ̀ yìí.

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ sọ, "ẹ tẹ orogún mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ràkúnmí gbin, ó gbọ̀n, ó sì ta. Òkùnkùn ṣú lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sókè, wọ́n ré e kọjá, Ẹ̀sọ̀ sì wo díńgí: ọkùnrin náà ti pòórá. Èéfín ti gbé e mì, tòun ti kẹ̀kẹ́. Ojú Ẹ̀sọ̀ là gààrà. Kò wo ẹ̀yìn rí láti ọjọ́ tó ti ń wa dísù. Iwájú ni awakọ̀ ń wò. Ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀.

"Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ nísinsìnyí, a ó tún wá tú u sí ẹlòmíràn lára lọ́la," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó tán."

Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ìyànà àkọ́kọ́, èéfín náà di àwọ̀ eérú. Nígbà tí wọ́n fi máa kan ilé omi tó wà lórí òkè, kò sí nǹkan kan nínú díńgí mọ́ bí kò ṣe ọ̀nà àti ojú ọ̀run. Ohùn Ràkúnmí ti yí padà, ó ń han bí ọ̀dọ́. Tọkọtaya náà bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ní gbogbo agbára tó wà níbí yìí rèé, ẹ sì fi ń gbé mi rìn bí ẹni gbé òkú láti gbogbo ọdún yìí wá.

Wọ́n já wálẹ̀ bí ẹyẹ àwòdì. Apá kan géètì ti dé, èkejì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó wò wọ́n, ó sì tún un ṣí.

Bó ṣe ń ki rọ́bà bọ sàlẹ́ńsà, Ẹ̀sọ̀ fẹ́ gba àdúrà ọjọ́ ààwẹ̀, pé kí ojú ẹ̀rọ fọ́. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ló ń rí. Ohun tó jáde ni, "Bàbá, jẹ́ kó hàn bó ṣe rí." Ó tẹ tọ́tù kanlẹ̀, kò dijú.

Abẹ́rẹ́ gbéra, ó mì, ó sì dúró lórí àwọ̀ ewé.

Ọmọbìnrin náà lẹ àmì mọ́ díńgí, ó ní ti ọdún kan ni, kó sì máa gun òkè náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀sọ̀ bi í bóyá ìyẹn ò ní jẹ epo. Ó ní yóò jẹ díẹ̀. Ẹ̀sọ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni gbọ́ ìròyìn òfò, lẹ́yìn náà ló wá rántí dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bóyá àdúrà ló gbà ni, bóyá èédú ló kàn jó, eṣinṣin ọjọ́ ààwẹ̀ ṣì ń fò yí i ká. Kò lé e lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n bá oníkẹ̀kẹ́ náà ní ìsàlẹ̀ òkè níbi ẹ̀rọ omi, ó ń bọ́jú. Ó ti padà wálẹ̀ wá wẹ èéfín. Ẹ̀sọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó tọrọ àforíjì láìwí àwíjàre, ó ní kó jẹ́ kí àwọn gbé e dé òkè, òun àti kẹ̀kẹ́.

Ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀yìn Ràkúnmí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó fi ibi tó ṣì funfun lára aṣọ tó fi ń nu ojú bo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó dúró díẹ̀, ó tú u wò, ó rí i pé kò dúdú.

"Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ mi sẹ́yìn," ó sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ sáré o. Ẹ ti jẹ́ kí n pẹ́."

Ẹ̀sọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ibòmíràn. Ó gbé ẹsẹ̀ lé tọ́tù, ó sì tẹ̀ ẹ́.