Ikọ́ Tí Bàbá Aago Ń Gé Kúrò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Aago fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ káyé rí iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bó ṣe di pé ọkọ ń ṣiṣẹ́, ìyàwó ń di fóònù mú, ó ń ya fídíò tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára nìyẹn. Ọwọ́ obìnrin náà kì í gbọ̀n. Nínú fídíò, ọwọ́ ọkọ nìkan là ń rí, pẹ̀lú ẹ̀mú tó fi ń gbé síkúrù tí kò tó hóró ata. Ọmọ wọn ti kìlọ̀ pé fídíò ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kò gbọ́dọ̀ sí ariwo lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ìyàwó bá rẹ́rìn-ín, Bàbá Aago á gé e kúrò nínú fídíò. Bó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á gé e. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó gé ìyẹn náà.

"Ìyàwó mi, mú un mọ́ra díẹ̀. Ó ku síkúrù kan."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá orí fóònù." Á sì fi etí ìborùn di ẹnu.

Orúkọ Bàbá Aago kàn. Wọ́n ń fi aago ránṣẹ́ sí i láti ìlú tí kò dé rí. Òótọ́ ni pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó sàn ju ìyàwó ẹni lọ.

Lọ́jọ́ kan, ikọ́ gbé obìnrin náà títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà bi í pé, "Bàbá, ìgbà wo ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọkọ mìíràn ì bá ní ó ti ṣe díẹ̀. Òun mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́: láti orí aago ògiri aláwọ̀ ewé, fídíò mọ́kàndínláàádọ́ta sẹ́yìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Oṣù mẹ́jọ," ó ní.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá."

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, obìnrin náà kú.

Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn lọ tán, Bàbá Aago jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú fóònù. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan àfi ohùn ara rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì fọwọ́ kàn, ti ọjọ́ tí fóònù bọ́. Ó ṣí i. Ikọ́ gùn nínú rẹ̀, ó gùn gan-an. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Aago sunkún bí ọmọdé. Ó sì gbé fídíò náà síta bó ṣe wà.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, iṣẹ́ yín dáa, àmọ́ ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn yẹn? Ẹ gé e kúrò."

Ìka kan ló fi tẹ èsì, díẹ̀díẹ̀: "Ìyàwó mi ni. Mi ò gé e mọ́."