Ọwọ́ Fáfù Tó Wà Nílé Bọ̀dá

Láìpẹ́ yìí ni mo rí wọn lórí tẹlifíṣàn, àwọn tó ń gbé inú ilé tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún. Páìpù kan ń jò lára ilé náà, ni méjì nínú wọn bá gbé ẹ̀wù funfun ńlá wọ̀, wọ́n jáde sínú òfuurufú lọ tún un ṣe. Ẹni tó ń ka ìròyìn ní amóníà ló ń jò, òun ni wọ́n fi ń mú ilé náà tutù. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Mo pa tẹlifíṣàn. Èmi náà ti wọ inú amóníà rí, ní Àpápá níbí, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni yàrá yìnyín kan lẹ́yìn Warehouse Road, níbi tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹja dídì sí. Èmi tí mo ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì, tí mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì amóníà mú yàrá náà tutù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́mpúrẹ́sọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n òun ni àgbà.

Nígbà tí rọ́bà tó wà níbi tí páìpù ńlá ti so pọ̀ gbó, mo ní ká ra ojúlówó. Bọ̀dá gé tíúbù ọkọ̀ àtijọ́ kan, ó fi dí i. Mo ní kò ní pẹ́ já.

“Ìyàwó,” ó ní, “ìwé tìrẹ ti pọ̀ jù. Tíúbù tó gbé tírélà dé láti Tin Can ni kò ní lè gbé gáàsì?”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo ti fáfù àgbà, ìyẹn ibi tí gáàsì ti ń jáde nínú táǹkì, mo ní n kò ní ṣí i títí wọ́n á fi ra rọ́bà. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ wá, ó ṣí fáfù, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀, irin róbótó tí a fi ń yí i, ó gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Olódì-Àpápá. Ó ní ìyàwó ilé kan ò ní fi ẹja dẹ́rù ba òun.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni tíúbù náà já. Mo gbọ́ ariwo bíi ti táyà tó bẹ́. Kí n tó dìde, ojú ti ń ta mí. Gbogbo wa sá jáde sí géètì. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí ọkọ mi.

“Ọ̀gá dà?”

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹja, ará Ajégúnlẹ̀, ń wúkọ́, ó ń sunkún. “Mummy, Oga dey inside. E say make we run, e wan go close am.”

Kí ló fẹ́ fi tì í? Mo pe Bọ̀dá lórí fóònù.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ fáfù!”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́sáláṣí bọ̀. O ti tún fọwọ́ kan nǹkan, àbí?”

“Ó ti já! Ọkọ mi ń kú lọ nínú ibẹ̀!”

“Kó tó di ọkọ rẹ, àbúrò mi ni. Má ṣe dé ibẹ̀ o. Mò ń mú un bọ̀.”

Pẹ̀lú àwọn tírélà tó dí ojú ọ̀nà, mo mọ̀ pé kò ní tètè dé. Panápaná gan-an kò ní rí ọ̀nà gbà.

Mo tú ìborùn mi, mo rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi, mo fi di imú àti ẹnu. Amóníà fẹ́ràn omi. Omi ló ń wá lọ sínú ojú àti ọ̀fun ènìyàn. Èyí tí aṣọ bá gbà kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró mi. Mo mú sípánà páìpù, bóyá ó lè yí ọ̀pá fáfù tí kò lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n dì mí mú: “Mummy, abeg! Ẹ ti dàgbà jù!” Mo ní kí wọ́n máa fi họ́ọ̀sì da omi sí mi lẹ́yìn, kí wọ́n má dáwọ́ dúró.

Mo dijú, mo ń rá wọlé lórí sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Mo pè é, kò dáhùn. Bí mo bá ní n fà á, ó wúwo jù mí lọ, gáàsì á pa àwa méjèèjì. Mo gba orí rẹ̀ kọjá.

Mo fi sípánà há ọ̀pá fáfù, mo yí i. Ó yọ̀. Mo tún há a, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, awọ ọwọ́ mi bó. Ó yí díẹ̀. Ó tún yí. Ariwo gáàsì náà rẹlẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ìgbà náà ni àwọn ọkùnrin tó wà ní géètì rí ẹsẹ̀ gbé wọlé, tí wọ́n gbé ọkọ mi jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ mọ́ díẹ̀, èmi náà ni mo padà wọlé lọ tú nọ́ọ̀tì, mo ha àjákù tíúbù kúrò, mo fi ojúlówó rọ́bà tí mo ní kí wọ́n sáré lọ rà sí i.

Ní ọsibítù, Bọ̀dá sọ fún ẹbí pé àdúrà Jímọ̀ òun ló gba àbúrò òun là. Wọ́n ṣe àmín.

“Sípánà ni, Bọ̀dá,” mo ní.

“Ẹ gbọ́ ẹnu ìyàwó yín!”

Ọkọ mi, tí wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀, ní, “Kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá.”

N kò kúnlẹ̀. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi náà ni mo ń fi ṣíbí fún un lómi. Lọ́jọ́ tí dókítà tú báńdéèjì, èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ríran díẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi.

“Bọ̀dá dà?” ó ní.