Gbólóhùn Tí Ẹ̀rọ Wa Kò Rí

Bí ẹ bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Pobè, màá ní mò ń wá nǹkan tó sọnù fún àwọn tí kì í ṣe àwọn ló sọ ọ́ nù. Ilé kékeré kan la wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ohùn àwọn àgbà. Kí n tó dé ibẹ̀, àwọn kan ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ káàkiri abúlé, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ àti ìyàwó àgbẹ̀ máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn. Wọ́n wá tẹ ọ̀rọ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà ní èdè wa, kó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, kọ̀ǹpútà á kó gbogbo ohùn tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ jáde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èmi ni wọ́n gbà pé kí n máa bójú tó o, nítorí mo lo ọdún díẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, wọ́n sì rò pé ẹni tó bá ti dé Kútọnu ti mọ ohun gbogbo.

Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn àgbà ló kọ̀. Wọ́n ní àwọn lè fún ẹ̀rọ ní ohùn, ṣùgbọ́n àwọn kò ní fún un ní orúkọ, torí ohun tó bá ti gba ohùn àti orúkọ lọ́wọ́ èèyàn, kí ló tún ṣẹ́ kù fún ẹni náà? Mi ò lè bá wọn jiyàn. Ẹni tó ń kọ ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ náà tún dá kún un, ó kọ “Pobè” sí gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ Igana, ì báà jẹ́ abúlé tí ẹsẹ̀ nìkan ń dé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí o bá ń wá èèyàn kan pàtó láàárín wọn, ọ̀rọ̀ tó sọ nìkan lo lè fi wá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá, eruku ọ̀nà bo gèlè rẹ̀. Zẹ́mì, ọ̀kadà ìhín, ló gùn láti Sakété, níbi tó ti ń ta abọ́ oníke àti korobá. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó wá yí etí òsì sí mi.

“Ibí ni kí o ti máa bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ mi,” ó ní. “T'ọ̀tún ti kú. Èyí náà ti ń múra àtilọ.”

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, ó sọ ohun tó gbé e wá láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Dókítà ní Àjàṣẹ́ ní kò sóògùn ẹ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ láá máa dí, títí táá fi dí pátá. Kó tó dí, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi.”

Igana ni ìyá rẹ̀ gbé ayé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àwọn elẹ́rọ dé Igana, obìnrin yìí lọ kí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ síwájú ìyá náà nídìí ìkòkò epo.

“Kí ni ìyá yín sọ lọ́jọ́ náà?” mo bi í.

“Ó ń sọ bí a ṣe ń ṣe epo. Bí a ṣe ń sè é, bí a ṣe ń gún un. Nígbà tí epo wá léfòó, ó sọ ohun tó máa ń sọ. Kò sígbà tí kì í sọ ọ́. ‘Epo dé, ojú là.’”

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà níṣojú rẹ̀. Epo dé ojú là. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo tẹ “epo” nìkan. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ní Pobè, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ẹ̀rọ mi ní òun kò gbọ́ epo rí.

“Wọ́n ti pa á rẹ́ ni?” ìyá náà bèèrè.

“Rárá, Ìyá. Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni kò rí i. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, màá pè yín.”

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Má pè mí. Mi ò ní gbọ́. Bó o bá rí i, kí o wá.”

Mo sọ fún ọ̀gá wa. Ọkùnrin dáadáa ni, àmọ́ ohun tó bá ti gbà gbọ́, ó ti gbà á gbọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti máa ń sọ pé ọ̀nà méjì tí a ń gbà kọ èdè wa ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lára àwọn tó tẹ ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ti ìhín ń kọ ɔ àti ɛ. Àwọn tó fi ìwé Nàìjíríà kọ́ ọ ń kọ ọ àti ẹ. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì méjì ni wọ́n.

“Ọ̀gá,” mo ní, “epo, dé, ojú, là. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ní àmì nísàlẹ̀ nínú wọn?”

“Ibẹ̀ náà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Bí ilé bá ń jò, gbogbo òrùlé là ń yẹ̀ wò.”

Bí mo ṣe fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn yí ɔ padà sí ọ nìyẹn. Mo ní kí kọ̀ǹpútà yí i padà fúnra rẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ èdè mìíràn tó ń lo lẹ́tà náà mọ́ ọn, ó bà á jẹ́, mo wá ní láti máa fi ojú tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ń ta mí. Ọrùn ń dùn mí. Bí mo bá délé, tí ọkọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, lẹ́tà ni mò ń rí. Mi ò fẹ́ parọ́, ọ̀gá wa sú mi débi pé ìró bàtà rẹ̀ ń bí mi nínú.

Nígbà tí mo parí, mo tẹ gbólóhùn ìyá náà. Kò sí.

Ọ̀ràn mìíràn gbé mi gba Sakété kọjá, mo ní kí n yà kí n sọ fún un pé mo ṣì ń wá ohùn ìyá rẹ̀. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó yọ ike kan kúrò lórí àga fún mi. Mo sọ̀rọ̀ sí etí òsì rẹ̀ bí mo ṣe sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́sí. Ó ní, “Kí lo wí?” Mo tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó pariwo, gbogbo ọjà sì yíjú wò wá. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé sáré la jọ ń sá, èmi àti etí rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ṣáájú.

Mo délé, mo pe ọkùnrin Kútọnu tó kọ́kọ́ to ẹ̀rọ náà fún wọn. Mo ṣàlàyé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí.

“Ọ̀rọ̀ tí kò bá tó lẹ́tà mẹ́rin, kì í kà á,” ó ní. “C'est normal, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kì í wúlò.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Epo, lẹ́tà mẹ́ta. Ojú, mẹ́ta. Mo wá ń ka àwọn tó kù. Ilé. Omi. Ọmọ. Ìyá. Oko. Iṣu. Ẹja. Ikú. Gbogbo ohun tí a fi ń gbélé ayé kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó máa tọ́jú ohùn wa kò sì ka ọ̀kankan nínú wọn sí ọ̀rọ̀. Ìbínú tó bí mi, omijé ló bá jáde. Kì í ṣe torí ìyá náà nìkan. Ọjọ́ tí mo ti ń wá nǹkan fún àwọn èèyàn nínú ẹ̀rọ yẹn, tí mo ń sọ fún wọn pé “kò sí,” ti pọ̀ jù.

Dé àti là náà kò tó mẹ́rin. Àwọn wọ̀nyẹn tún ní ìyà tiwọn. Ọkùnrin Kútọnu ti kó àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ inú Faransé jọ fún ẹ̀rọ, ó ní kó máa gbọ̀n wọ́n dànù, torí wọ́n wà nínú gbogbo ìwé àwọn yòvó, àwọn òyìnbó. Ẹ̀rọ kì í sì í rí àmì ohùn. Ó rí dé tiwa, ó ní de ti Faransé ni. Ó rí là, ó ní la ni. Ó gbọ̀n wọ́n dànù. Nínú gbólóhùn ìyá náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kéré jù, méjì tún di Faransé, kò wá ku ẹyọ kan.

Mo yọ òfin méjèèjì kúrò. Mo ní kí ẹ̀rọ tún gbogbo ìwé kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á lọ, iná lọ. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Iná tún lọ. Nígbà tó wá parí, mo tẹ “epo.” Kò sí.

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wa jáde wá wò mí. Mo kàn ń tẹ ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn. Mo tẹ “ẹtu,” ẹran tí kò wọ́pọ̀ mọ́ nínú igbó wa. Ẹ̀rọ kó ẹtu jáde lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni ẹtu, lẹ́tà mẹ́ta ni epo. Kí ló dé tó rí ọ̀kan tí kò rí ìkejì?

Mo tún pe Kútọnu. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin kan ṣì kù. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wà nínú ohun tó ju ìdajì gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀ lọ, ẹ̀rọ gbà pé kò já mọ́ nǹkan kan, torí kò lè fi í mọ ìwé kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ó lè gbọ́ ẹtu torí èèyàn díẹ̀ ló sọ ọ́. Kò lè gbọ́ epo torí gbogbo wa là ń sọ ọ́. Mo ní ṣé kò sí bí mo ṣe lè ní kó má wọn ọ̀rọ̀ mọ́, kó kàn wá gbólóhùn náà lódidi bí wọ́n ṣe tò ó. Ó ní ó wà, kò sì le. Ó sọ ọ́ fún mi, ìlà kan péré ni. Mi ò bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ti rẹ̀ mí ju ìjà lọ.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wá tẹ gbólóhùn ìyá náà, ohùn kan ṣoṣo ló jáde. Mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: obìnrin kan tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń gún ẹyìn, bí wọ́n ṣe ń pò ó nínú omi. Nísàlẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ ọ́ pé ọmọ kan ń sunkún nítòsí. Lẹ́yìn náà, “Epo dé, ojú là.” Mo ti ìlẹ̀kùn, mo gbé e sórí fóònù mi, mo wá zẹ́mì.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà Sakété ti rọ̀. Mo bá ìyá náà láàárín ike rẹ̀, ó ń nu omi kúrò lára wọn. Mo na fóònù àti ẹ̀rọ etí tí a fi ń gbọ́ ọ sí i, mo sì fi ọwọ́ kan etí mi. Ó yé e. Ó ju aṣọ tó fi ń nù wọ́n sílẹ̀, ó jókòó, ó ki ẹ̀rọ etí bọ etí òsì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ń wò mí.

“Ó ti bẹ̀rẹ̀?” ó bèèrè.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Gbé e sókè.”

Mo gbé e sókè títí kò fi síbi tó tún lè lọ. Èmi tí mo jókòó síwájú rẹ̀ ń gbọ́ ìyá rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti etí rẹ̀. Òun kò gbọ́. Mo rò ó pé gbogbo ɔ tí mo fi ẹ̀ẹ̀rùn yí padà sí ọ ló jókòó sáàárín àwa méjèèjì, ó dùn mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

Kò sunkún. Ó yọ nǹkan náà kúrò létí rẹ̀, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó ki í bọ tèmi.

“Ìwọ gbọ́ ọ,” ó ní. “Kí o sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí n máa wo ẹnu rẹ.”

Mo gbọ́. Odó ń dún, omi ń dà, ọmọ ń ké, obìnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ láìkánjú. Nígbà tó débẹ̀, mo sọ ọ́ tẹ̀ lé e: “Epo dé, ojú là.”

Ó mi orí pé rárá. “O tètè pa ẹnu dé. Ìyá mi kì í tètè pa ẹnu dé níbẹ̀.”

Mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Òótọ́ ni. Là ìkẹyìn yẹn gùn, ó ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Lórí ìwé, lẹ́tà méjì ni, bí mo sì ṣe ka lẹ́tà méjì náà ni mo ṣe sọ ọ́. Mo tún un sọ, mo la ẹnu sílẹ̀ títí ohùn obìnrin náà fi tán létí mi. Ìyá náà ń wo ẹnu mi, ẹnu tirẹ̀ náà là, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó fẹ́ ra korobá dúró tì wá, kò bèèrè iye.

“Òun nìyẹn,” ó ní. Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà, torí kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó wá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún mi.

“Bá mi tún un gbọ́.”