Láfún Lórí Sólà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ariwo ẹ̀rọ bàbá mi ni ó máa ń jí mi, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka ìwé yìí lè sọ pé ẹni tí kò tíì jáde ilé ìwé gírámà kò ní ìgbà èwe kankan láti rántí. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní agbo ilé wa ní Àpòmù.

Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ní, epo dísẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń mu. Bí ó bá ti dún, àwọn obìnrin tí ń yan gàrí á mọ̀ pé ilé ẹ̀rọ ti ṣí, wọn á sì gbé ẹ̀gẹ́ wọn wá, àwọn mìíràn láti Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ wa pàápàá. Èéfín rẹ̀ ti kun ògiri ní dúdú, ó sì ti wọ àyà bàbá mi. Nígbà mìíràn, wọn a di òpó mú títí ikọ́ yóò fi dá wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn gbangba pé àyà wọn àti èéfín náà kò lè jọ gbé mọ́. Kí wọ́n yan ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí bàbá mi fi gba sólà àti ẹ̀rọ tuntun tí ń lo iná rẹ̀ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ikán ti jẹ igi òrùlé ilé ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n to àwọn pátákó sólà náà sí, lórí igi tí kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ. Wọ́n tú ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Wásinmi pé kí ó wá rà á.

Ìyá àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, kò fara mọ́ ọn. "Má torí òjò tó ṣú da omi àmù nù."

"Ìyá, oòrùn kì í wọ́n lÁpòmù," ni bàbá mi fi dá wọn lóhùn.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tuntun náà kì í pariwo, àwọn oníbàárà sì rò pé a kò ṣí. Ìyá kan yọjú lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Àbí ẹ ti kó lọ ni? A ò gbúròó yín mọ́!" Ni a bá so rímù ọkọ̀ kan kọ́ sára igi, èmi ni mo sì ń lù ú láràárọ̀ bí agogo ilé ìwé.

Ìṣòro kejì ni ó fẹ́ bà wá jẹ́. Nígbà ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ a máa ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, tí ó yẹ kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Oníṣẹ́ iná wá lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ kùtù, kò rí àbùkù kankan. Àwọn obìnrin ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá ẹlẹ́rọ, ṣé ààwẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ń gbà ni, tó jẹ́ ọ̀sán ló máa ń rẹ̀ ẹ́?"

Bàbá mi pinnu pé tí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn yóò dá ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì padà, nítorí ará Wásinmi kò tíì wá rà á. Ìyá mi wá ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n ti gbé pamọ́, wọ́n sì nù ún.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ náà, oníṣẹ́ iná gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti tú wáyà. A gbọ́ igbe rẹ̀: "Yéè! Ta ló sá láfún síbí?"

Èmi àti Ìyá àgbà ni. Ojoojúmọ́ ni a ń sá a síbẹ̀ bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, a sì ń kó o kí ó tó di àkókò ìrun àsárì. Bàbá mi kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, wọn kò sì rí wa.

"Kí ló burú níbẹ̀?" ni Ìyá àgbà wí. "Oòrùn ń bẹ, ewúrẹ́ ò sì lè dé e."

"Màmá, ojú sólà lẹ bò! Oòrùn tó yẹ kó jẹ, láfún yín ló ń jẹ ẹ́."

Ó fi ọwọ́ gbá láfún kúrò lórí pátákó kan, lẹ́yìn náà òmíràn. Láti inú ilé ẹ̀rọ, a gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń ta kìjí. Àwọn obìnrin hó yèè. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣa díẹ̀ nínú láfún tó já bọ́, wọ́n sì ń wò ó.

"Èyí ló fẹ́ dá ikọ́ padà fọ́mọ mi?"

Bàbá mi kan pẹpẹ tí a ó máa sá láfún sí fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sólà, ó ga bákan náà, ewúrẹ́ kò lè dé e. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ta ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́.

Ní ilé ìwé, wọ́n ń kọ́ wa pé ayé ń kúrò lórí epo rọ̀bì, bí ìgbà tí ènìyàn ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Ní tiwa, ilé méjèèjì ni a ṣì ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìró rímù ni ó ń jí àwọn àbúrò mi, wọn kì í sì í gbọ́ ariwo tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, sólà kì í tó, bátìrì ńlá sì ju agbára wa lọ. Bàbá mi á wá ká tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Mo máa ń gbọ́ ariwo ìgbà èwe mi láti orí ẹní, n ó sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, n ó máa retí ikọ́.